Rédíò Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn: Aláago Tòkunbọ̀ àbí Oníbátìrì Ọjà?

Ohun méjì péré ni ẹni tó bá ta jí lóru ń wá lọ́dọ̀ àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀: kó mọ aago tó lù láìdìde, kó sì rí ohùn tó dùn ún gbọ́ bá a mú ilẹ̀ mọ́. Ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a kì í wá ohun tí a óò gbọ́ tì. Rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ wà lórí 104.5, Rave FM wà lórí 91.7 l'Óṣogbo níbí. Orísun ń sọ̀rọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ lórí 89.5, Iléṣà ní Gold FM ti ìjọba àpapọ̀ lórí 95.5 àti Uniq FM lórí 103.1. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lórí òkè tún lè gbọ́ Ìbàdàn. Ohun tí a óò fi gbọ́ wọn gan-an ni iṣẹ́ wà, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ni a fẹ́ rà á fún, tó jẹ́ pé ìròyìn àárọ̀ àti ìkéde òkú ni ó fi ń mọ ohun tó ń lọ nílùú.

Mo fẹ́ràn aláago tòkunbọ̀, n kò sì ní fi pamọ́. Ilé iṣẹ́ Sony ta tiwọn tí wọ́n sọ ní Dream Machine, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù náà sì ṣe tiwọn. Àpótí kan ṣoṣo ni: aago oníná pupa níwájú, sípíkà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́tìnnì gbọọrọ kan tí ẹni tó ṣì ń tòògbé lè fi ọwọ́ lù kó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó tún ní èyí tí a máa ń tò kó tó di pé a sùn, tí rédíò á fi pa ara rẹ̀ nígbà tó bá yá. Ẹni tó ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ bí oorun ṣe ń ṣe ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ yí i dà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó na owó.

Bí ó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ni ọmọ tàbí àbúrò ti fi ránṣẹ́, ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni 120V, 60Hz. Fóòtì iná tiwa ń lọ sí 230 tàbí 240, ó sì ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá kì í bọ ojú iná bẹ́ẹ̀, èéfín ni yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tó fara balẹ̀ á wá sítẹ́pù-dáùn sí i. Rédíò á sì máa kọrin dáadáa, ṣùgbọ́n aago á máa parọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago oníná pupa wọ̀nyí kì í dá àkókò kà. Yíyí iná ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá ti ka 60, wọ́n á ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ. Sítẹ́pù-dáùn ń dín fóòtì kù ni, kò lè fi nǹkan kan kún yíyí iná. 50 ló bá wọlé, 50 náà ló ń jáde. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni aago náà yóò máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀yìn. Ẹni tó tò ó dáadáa ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó wò ó ní aago mẹ́rin ìdájí, aago mẹ́ta ni yóò bá lójú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Èkó ti pàdánù nìyẹn. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ibi tí a lè yí sí 50 ní abẹ́ wọn, ó sì yẹ kéèyàn wá a.

Ọ̀rọ̀ 50 yìí kàn wá l'Óṣogbo ju bí a ti rò lọ. Ìlú wa ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná ọba gbogbo Nàìjíríà wà. Tọ̀sán-tòru ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣọ́ ọ kí iye yẹn má baà jìnnà sí 50. Bí ilé iṣẹ́ amúnáwá kan bá ṣàdédé kú, iye náà á wálẹ̀. Bí àwọn tó ń lo iná bá dín kù lójijì, á gòkè. Aago tó ń ka yíyí iná ń bá a gòkè, ó ń bá a wálẹ̀. Nítorí náà, aago tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, tí 230V, 50Hz wà lẹ́yìn rẹ̀, lè yàgò fún àkókò díẹ̀díẹ̀ nílé wa. Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ra ti Lọ́ńdọ̀nù kíyè sí ni pé kì í ṣe DAB, ìyẹn rédíò oní-dígítà, nìkan ló ní. Ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún ń lo DAB púpọ̀, ṣùgbọ́n FM ni àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tiwa wà. Èyí tó bá ní méjèèjì kò ní wàhálà.

Ti Japan ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Ó lè mọ́ tónítóní, kó sì dún dáadáa níbi tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n láti 76 dé 90 ni FM àwọn ògbólógbòó ibẹ̀ mọ. Àwọn tó ra mọ́tò tòkunbọ̀ láti Japan mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó gbé irú rẹ̀ sílé l'Óṣogbo, nínú àwọn tí mo kà lókè, Orísun lórí 89.5 nìkan ni yóò máa bá a ṣeré, 91.7 ti kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kí a má tíì dárúkọ 104.5.

Ká wá gbà pé èyí tó yẹ ni a rí. Ìbéèrè tó kù ni pé, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ? Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná ti yí padà ni gbogbo wa ti mọ ọ̀rọ̀ Band A dé Band E bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ogún wákàtí lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún A, wákàtí mẹ́rin ni ti E. Aláago oníná pupa máa ń ní ihò bátìrì kékeré kan nísàlẹ̀, fóòtì mẹ́sàn-án ló ń gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó rà á kì í sábà fi nǹkan kan síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí iná bá dé, tí 12:00 á fi máa ṣẹ́jú sí wọn. Ẹni tó bá fi bátìrì sí i pàápàá, kíkà nìkan ni aago á máa kà, kò ní tàn, nítorí iná pupa yẹn ń jẹ agbára ju ohun tí bátìrì kékeré lè pèsè. Nígbà tí kò sì ti rí iná ọba kà mọ́, ìṣirò inú ara rẹ̀ tó fi ń dípò kò péye. Rédíò fúnra rẹ̀ ti dákẹ́ látìgbà tí iná ti lọ. Òkùnkùn ni ẹni tó jí ní aago mẹ́ta òru yóò bá níbi tí aago wà, ìgbà tó sì nílò rẹ̀ jù nìyẹn.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbátìrì tí wọ́n tò kún iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo àti ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà n'Íléṣà: Kchibo, Golon àti àwọn ará wọn láti Ṣáínà. Tọ́ọ̀ṣì wà lára wọn, ojú ibi tí a ń ti mẹ́mọ́rì àti USB bọ̀ wà, òmíràn tilẹ̀ ní sólà pẹlẹbẹ lẹ́yìn. Bí iná bá lọ, wọn kò mọ̀ pé ó lọ. Èyí nìkan tó láti mú wọn wọlé. Ohun tí wọn kò ní ni aago, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn, àti ohùn tó yẹ ká fi sùn.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ohùn yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ra ariwo. Ohùn ọkùnrin tó ń ka ìròyìn máa ń mì bí ìgbà 100 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti gbé irú ohùn tó wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, sípíkà gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, sípíkà tó kéré nínú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì ní ibi tí yóò ti rí i. Etí wa ń ràn án lọ́wọ́. Láti ara ohùn tó ga ju ìyẹn lọ ni a ti ń mọ̀ ọ́n, nítorí náà ọ̀rọ̀ á yé wa. Ṣùgbọ́n ara ohùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́, etí sì ń ṣiṣẹ́ láti fi dí i. Ìdajì wákàtí irú èyí lórí ìrọ̀rí ti tó láti fa orí fífọ́. Ẹ tún fi ìlù dán an wò. Bí wọ́n bá gbé orin I.K. Dairo sáfẹ́fẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963, ẹ fetí sí bí àkọ́díọ̀nù àti gángan rẹ̀ ṣe ń dá ara wọn lóhùn. Lórí rédíò tó dára, ẹ ó gbọ́ ọ nígbà tí onílù bá fún ọ̀sán tí ohùn gòkè, tó tún dẹ̀ ẹ́ tí ohùn sọ̀. Lórí èyí tí kò dára, tí-tí-tí ni gbogbo rẹ̀, ohun tí ìlù ń wí ti sọnù.

Nídìí èyí, ẹni tó bá fẹ́ ra rédíò ibùsùn gbọ́dọ̀ jókòó ti oníṣọ́ọ̀bù bí òṣómàáló ti ń lóṣòó ti onígbèsè. Ọ̀nà tí àwọn tó ń tà á fi ń tà á ni kí wọ́n yí i dé òpin kí gbogbo ọjà gbọ́.

"Àǹtí, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Orí ibùsùn màmá ni mò ń gbé e lọ."

Ìgbà tí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni àṣírí máa ń tú. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn yùn-ùn lábẹ́ ọ̀rọ̀. Òmíràn á dákẹ́ pátá nígbà tí a bá dé ibi tó yẹ ká fi sùn, nítorí bọ́tìnnì rẹ̀ kò mọ díẹ̀. Ẹ tún wo ojú ibi tí a ti ń wá sítéṣọ̀n. Lára èyí tí abẹ́rẹ́ ń sáré lórí nọ́ńbà, 103.1, 104.5 àti àwọn ará Ìbàdàn lórí 105.5 àti 105.9 ti fún mọ́ra ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, ọwọ́ àgbà tó ń gbọ̀n kò ní rí wọn yà. Èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, tó sì ń pa á mọ́, sàn fún wọn.

Ti éríà náà ò kéré. Ọ̀pọ̀ aláago tòkunbọ̀, wáyà tín-ín-rín kan ló ń wọ́ lẹ́yìn wọn. L'Óṣogbo, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gbé ohùn jáde, ìyẹn tó. Bí a bá ń lọ sí ìhà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, òkè ń dí FM lọ́nà, ọ̀pá éríà tó ṣe é fà síta ni yóò gbà wá.

Fóònù ńkọ́? Aago tó péye jù nínú ilé ni, àláàmù rẹ̀ kì í sì í tàsé bí ṣáàjì bá wà nínú rẹ̀. Bí rédíò, mi ò fẹ́ ẹ. Èyí tó ní FM nínú wọn máa ń fẹ́ kí a ki wáyà etí bọ̀ ọ́ kó tó gbọ́ nǹkan, èyí tí kò ní ń jẹ dátà, ìròyìn ikú láti orí WhatsApp sì lè já wọlé ní aago méjì òru.

Nínú gbogbo èyí, ibi tí mo fìdí kalẹ̀ sí ni pé kí a ya aago kúrò lára rédíò nílé tí iná kò bá dúró. Kí rédíò jẹ́ irú èyí tó ń lo iná ọba, tó sì ń lo bátìrì tí a lè rà nígboro, tí sípíkà rẹ̀ sì tó bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Panasonic RF-2400D jẹ́ irú rẹ̀: sípíkà sẹ̀ǹtímítà 10, bátìrì AA mẹ́rin, ọ̀pá éríà. Kò ní tọ́ọ̀ṣì, kò ní USB, ẹni tó ń tà á kò sì ní rí nǹkan púpọ̀ fi yangàn, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn jẹ́ ohùn ènìyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a ra aago àláàmù kékeré olójú funfun tó ń lo bátìrì AA kan. Bátìrì yẹn á gbé e fún oṣù púpọ̀, kò bìkítà fún NEPA, jẹnẹrétọ̀ tàbí 50Hz.

Ọ̀rọ̀ yí padà fún ilé tó ní ínfátà tàbí sólà tó gbára. Ínfátà tó dára ń pa 50 rẹ̀ mọ́ ṣinṣin, nígbà mìíràn ju iná ọba lọ, nítorí náà aláago Lọ́ńdọ̀nù á péye níbẹ̀, yóò sì tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo lè dúró sí kí n yìn ín láìfi nǹkan kan sẹ́yìn. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó, tó sì ń wá ohùn ju ohunkóhun lọ, kó wo Tivoli Model One tí Henry Kloss ṣe ní ọdún 2000: àpótí igi, sípíkà kan ṣoṣo, ojú ibi tí iná fóòtì 12 ń gbà wọlé bíi ti bátìrì mọ́tò. Kò ní aago rárá. Bose Wave ti 1993 ní aago, inú rẹ̀ ní ihò gígùn tí wọ́n ká pọ̀ tó ń mú ohùn wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, 120V náà la máa bá lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú bátìrì tiyín dání láti ilé, kí ẹ sì bẹ ẹni tó ń tà á pé kó yọ wáyà iná kúrò. Kí ẹ wá 104.5 tàbí 103.1 nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ dé ibi tí ẹ máa fi sùn, kí ẹ gbọ́ ìròyìn kan tán kí ẹ tó bèèrè iye tó jẹ́.