Òkè Ló Wó, Tí Omi Fi Dúró: Ìrìn Ọjọ́ Kan Lọ sí Oeschinensee

Fọ́tò mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì lórí WhatsApp láti etí adágún náà. Ohùn tí wọ́n fi dá mi lóhùn kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ: "Ọmọ mi, omi lo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò? Ṣé kò sí omi ní Jámánì tó o wà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà, torí omi yìí kì í ṣe omi lásán. Òkè tó wó lulẹ̀ ló dá a sílẹ̀, òmíràn tó wà lókè rẹ̀ sì ń yọ́ rìn bọ̀ nísàlẹ̀ lọ́wọ́ báyìí.

Freiburg ni mo ti ń kàwé, ní gúúsù Jámánì, kò jìnnà sí bọ́dà Swítsálandì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ló jọ lọ ní Sátidé kan nínú oṣù Keje, pé a ó padà lálẹ́ ọjọ́ náà. A wọ ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ kùtù, a pààrọ̀ ọkọ̀ ní Basel, a tún pààrọ̀ ní Spiez, ó di Kandersteg. Swítsálandì kò sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen, nítorí náà mi ò nílò físà mìíràn yàtọ̀ sí káàdì ìgbélùú mi ti Jámánì. Mo mú páásípọ́ọ̀tù dání pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé kiri mọ ìdí rẹ̀.

Kandersteg ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,180. Adágún náà wà ní mítà 1,578. Ọkọ̀ orí okùn wà tó ń gbé èèyàn gòkè, àwa ní ẹsẹ̀ la fẹ́ fi rìn. Àwọn àmì ojú ọ̀nà níbẹ̀ kì í kọ kìlómítà, iye wákàtí ni wọ́n ń kọ, èyí tí a sì rí sọ pé nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Wákàtí ta ni? Màmá àgbà kan tó fi ọ̀pá méjì tilẹ̀ kọjá lára wa nígbà tó ń gòkè lọ. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó tún bá wa lójú ọ̀nà.

Níbi tí a ti jókòó sinmi, mo fa ọ̀rá ìpékeré jáde nínú báàgì, ó ti wú bíi bọ́ọ̀lù. Kò bàjẹ́ o. Bí èèyàn ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ń dín kù, tí agbára tí afẹ́fẹ́ náà fi ń tẹ nǹkan náà sì ń dín kù. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá, ti ìsàlẹ̀ ni, òun kò dín, ló bá ń ti ọ̀rá síta. Ní etí adágún yẹn, agbára afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ti etí òkun Èkó lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyẹn, àti pé láàbù ni mo ti jókòó sí láti oṣù Kìíní.

Nígbà tí a débẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àpáta ga yí omi náà ká, glacier sì wà lórí Blüemlisalp lókè lọ́hùn-ún. Àwọ̀ omi náà wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé. Yìnyín ńlá orí òkè ló ń lọ àpáta bí ọlọ, ìyẹ̀fun tó ń jáde níbẹ̀ kúnná ju èlùbọ́ tí a kù lọ, odò ń gbé e wọ inú adágún, ó sì ń léfòó níbẹ̀. Òun ló ń tan ìmọ́lẹ̀ padà sójú wa báyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi wá bi mí pé, "Níbo ni omi yìí ń gbà jáde?"

Mo wò yíká. Mo rí odò tó ń já bọ́ sínú rẹ̀ láti ara òkè. Mi ò rí ẹyọ kan tó ń jáde. Ó ní kí n wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òkè kékeré tí a gùn wọlé, tí igi ahóyaya ti bò, kì í ṣe òkè gidi. Àfọ́kù àpáta ni, èyí tó ya láti ara òkè, tó sì dí àfonífojì náà pa. Omi kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, ó jìn tó mítà 56. Inú àfọ́kù yẹn ló ń sẹ́ gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń mu nínú rẹ̀ ní Kandersteg.

Ìgbà wo ló wó? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà òkúta fúnra rẹ̀ ni wọ́n bi léèrè. Ìtànṣán kan ń rọ̀ lu ayé láti òfuurufú jíjìn lójoojúmọ́. Òkúta ẹfun ni òkè ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Calcium wà nínú rẹ̀ dáadáa, bí ìtànṣán yẹn bá sì lù ú, ó ń sọ díẹ̀ di chlorine-36, irú chlorine kan tó ṣọ̀wọ́n. Òkúta tó wà nínú ikùn òkè kì í rí ìtànṣán náà. Ọjọ́ tí òkè bá ya, tí inú rẹ̀ bọ́ síta, ọjọ́ yẹn ni aago bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gé díẹ̀ lára àwọn àfọ́kù náà, wọ́n ka chlorine-36 inú rẹ̀, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 sì ni nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará Nok ti ń mọ ère amọ̀ nígbà yẹn. Mo ti rò pé wọ́n á ní mílíọ̀nù ọdún.

A fẹ́ rìn yí adágún náà ká, kò ṣeé ṣe. Wọ́n ti ti ọ̀nà apá gúúsù pa. Ọ̀rẹ́ mi nawọ́ sí òkè ṣóńṣó kan lókè ibẹ̀: Spitze Stein. Láti 2018 ni wọ́n ti kíyè sí i pé ó ń yára rìn wá sísàlẹ̀. Àpáta tí kò dúró dáadáa níbẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 mítà kúbíìkì. Bí típà kan bá ń gbé mítà kúbíìkì 10, ìrìn mílíọ̀nù méjì nìyẹn.

Ní irú ibi gíga bẹ́ẹ̀, yìnyín máa ń wà nínú àwọn lílà àpáta láti ọdún dé ọdún, permafrost ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló ń ṣe. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kò ní láti yọ́ tán kí wàhálà tó dé. Bó bá ti ń súnmọ́ dígírì òdo báyìí, ó ti ń rọ̀, ìdìmú rẹ̀ ti ń tú. Bí omi òjò bá wá ráyè wọ inú lílà, òun náà á máa ti àpáta síta.

Wọ́n ń fi GPS àti rédà ṣọ́ òkè náà, wọ́n sì ti mọ odi ààbò sí etí odò tó gba inú abúlé kọjá, torí bí àpáta bá wó, òjò lè gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn àwọn èèyàn. Ẹni tó bá rò pé owó ṣòfò, kó wo Blatten. Abúlé náà wà ní àfonífojì Lötschental, ní òdìkejì àwọn òkè yìí gan-an. Ní oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n rí i pé òkè ń ya sórí glacier tó wà lókè rẹ̀. Wọ́n kó nǹkan bí 300 èèyàn kúrò nílé. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, ọjọ́ 28, gbogbo rẹ̀ já lulẹ̀, ó bo èyí tó pọ̀ jù nínú abúlé náà mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ló kú. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa: ẹnì kan.

Mo ka gbogbo èyí sínú fóònù fún Mọ́mì. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí wọn ò kó kúrò níbẹ̀ pátápátá?" Mo bi ọ̀rẹ́ mi. Ó ní àwọn ará Blatten gan-an ní àwọn máa tún abúlé àwọn kọ́.

A sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán gan-gan, torí ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Ìgò omi oníke tí mo mu tán, tí mo dé ní etí adágún, ti rún wọnú nígbà tí a dé Basel. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún Mọ́mì, kí wọ́n sọ fún mi ohun tó ṣe é. Wọ́n ní mo jókòó lé e ni.