Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara

Níbi ìkómọjáde kan tí a lọ ní Stafford, lẹ́bàá Houston níhìn-ín, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a jọ rò. Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọ̀pá ẹ̀yìn ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Bàbá kan fi ìfẹ́ gbá a lẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni?" Ọmọ náà lọgun, ó sá sẹ́yìn. Nígbà tí ó sì kúnlẹ̀, kò lè tẹ ẹ̀yìn ba. Ni ariwo bá ta: "Ọmọ Amẹ́ríkà! Kò lẹ́kọ̀ọ́!" Àwọn mìíràn ní ó ń díbọ́n ni, ṣebí ojú ọgbẹ́ ti jinná. Omijé lé ròrò sójú ìyá rẹ̀. Àwa tí a jókòó níbẹ̀ kò sì gbèjà ọmọ náà. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ̀wé yìí.

Irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Houston. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà Paul Harrington ń tọ́jú níhìn-ín àwọn ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú kí ẹ̀yìn wọn wọ́. Òun ni ó ronú kan ọ̀pá irin tí a fi ń na ẹ̀yìn. Ní 1962 ni ó kọ ọ́ jáde fún àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pá irin àti ìṣó tí a ń yí wọlé ni wọ́n sábà ń lò, kí àwọn egungun lè so pọ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀yìn tí ó ti jinná fi ń dun ọmọ? Bí abẹ bá la awọ, ó ń gé àwọn iṣan tíntìntín tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Bí wọ́n bá ń hù padà, bíi mìlímítà 1 ni wọ́n ń lọ lójúmọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lóṣù. Kí wọ́n tó fara balẹ̀, ìròyìn èké ni wọ́n ń mú lọ: ibì kan a kú tipiri, ibòmíràn a máa yún, aṣọ lásán a sì máa jó o bí iná. Egungun pàápàá lè gba oṣù 6 sí 12 kí ó tó so pọ̀ tán. Bí ìrora bá sì kọjá oṣù 3, àwọn oníṣègùn kà á sí ohun tí a ń tọ́jú, kì í ṣe àdíbọ́n.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ léèrè kí a tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi àbóníkì tàbí omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Awọ tí ó kú tipiri lè bó láìmọ̀. Bí ọgbẹ́ bá ti dí, tí dókítà sì gbà, ẹ fi òwú rọra pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan àǹkárá, lẹ́yìn náà táwẹ̀lì, kí ara lè tún kọ́ ìfọwọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí tí àpá ń ṣọyún, tàbí tí ẹsẹ̀ kò lágbára mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ní ti ẹ̀kọ́ ilé, bí aboyún bá fẹ́ kúnlẹ̀, àgbà a ní, "Dìde, ìkúnlẹ̀ rẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi." Ẹ jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yìí pẹ̀lú. Bí a bá tún pàdé ní Stafford, àwa ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Ire o.