Ẹ Má Tíì Sin Pákó Bááti Yín

Bí ẹ bá jókòó pẹ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbá tẹníìsì orí tábìlì, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan pé bááti òun ti kú. Kò fọ́, kò sán, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yọ. Ohun tí olúwarẹ̀ ń sọ ni pé bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀, kò dún bẹ́ẹ̀ mọ́, àti pé bọ́ọ̀lù tó máa ń ta padà ṣáṣá ti wá ń ṣe wọ́lọ́wọ́lọ́. Irọ́ kọ́. Ọwọ́ ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mélòó kan kì í sábà tàn án. Ẹni tí a di ẹ̀bi rù ni àṣìṣe ibẹ̀. Pákó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nàka sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ohun tó para pọ̀ di bááti, òun ló yẹ kí a fura sí kẹ́yìn.

Òfin ITTF, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, sọ pé ó kéré tán, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìnípọn pákó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ igi gidi. Wọ́n lè ki fọ́nrán kábọ̀n tàbí ti gíláàsì sáàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìpele bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ nípọn ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí mílímítà 0.35 lọ, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì. Igi ni ìyókù, ìpele márùn-ún tàbí méje ló sì wọ́pọ̀. Igi náà kò jìnnà sí wa rárá. Arère ni wọ́n sábà fi ń ṣe àárín rẹ̀, òun ni àwọn oníṣòwò pákó lókè òkun ń pè ní obeche tàbí ayous. Afárá, tí wọ́n mọ̀ sí limba, ni wọ́n fi ń bo ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Méjèèjì ń hù nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, àwọn káfíńtà wa sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Ẹ bi káfíńtà léèrè ohun tó ń yí pákó gbígbẹ padà. Kó tó sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, omi ni yóò dárúkọ.

Pákó kì í yéé mu omi inú afẹ́fẹ́, kì í sì í yéé tú u sílẹ̀. Òun ló fà á tí ilẹ̀kùn ṣe ń há ní oṣù Keje, tó sì ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà ọyẹ́. Níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, omi inú igi kì í ju nǹkan bí ìdá 6 ìwọ̀n igi náà ní gbígbẹ lọ. Bí ọ̀rinrin bá gòkè dé ìdá 80, omi ọ̀hún á sún mọ́ ìdá 16. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: pákó bááti tó wọn gíráàmù 85 nínú ọyẹ́, bó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ olómi títí tó fi mu ún yó, á wọn tó gíráàmù 93. Rọ́bà àti gọ́ọ̀mù tó bò ó lójú kì í jẹ́ kó yá tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ibi tí a ń dì mú náà sì ń mu òógùn. Igi tó mu omi á wúwo, á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Àwọn onílù ti mọ èyí tipẹ́. Bí òjò bá mú awọ gángan, ohùn rẹ̀ á rọ̀, wọn á yá a lóòrùn tàbí níná, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Kò sí onílù tó ń sin ìlù rẹ̀ nítorí òjò.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn gbé bááti yín sá sóòrùn o, nítorí oòrùn wà lára ohun tó ń pa rọ́bà, rọ́bà gan-an sì ni ẹni tí à ń wá. Nínú eré, rọ́bà pẹ̀lú fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń bà, kì í ṣe pákó. Àpapọ̀ wọn lè nípọn tó mílímítà 4 lójú kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà méjèèjì sábà máa ń wúwo ju pákó tí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ lọ. Afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti òógùn ń jẹ ojú rọ́bà: ó ń le, ó ń dán, kò rí bọ́ọ̀lù dì mú mọ́. Fóòmù tí wọ́n ń gbá lójú kan náà lójoojúmọ́ á rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ eléré sì ń bá a lọ láìfura, á máa fi agbára kún un, á máa dà á kọ díẹ̀ sí i, títí di ọjọ́ tí yóò gba bááti ẹlòmíì dán wò. Ọjọ́ yẹn ni yóò pariwo pé pákó òun ti kú.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí rọ́bà àtijọ́ kúrò. Èékánná ni wọ́n á fi gbé igun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ bááti, wọ́n á máa fà á ní jẹ́jẹ́, gọ́ọ̀mù á máa ta bí òwú aláǹtakùn. Lórí pákó náà, ẹ ó rí gọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò bó láti ìgbà rọ́bà méjì sẹ́yìn, tó ti di pọ́nkí. Lẹ́bàá etí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó funfun ju ìyókù lọ: afárá ibẹ̀ ti bá rọ́bà lọ. Gọ́ọ̀mù orí gọ́ọ̀mù yẹn ń fi ìwúwo kún un, ó sì ń pa ohùn pákó mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó bá bó o dànù lè rò pé wọ́n pààrọ̀ bááti fún òun.

Ìtàn eré náà pàápàá ń jẹ́rìí sí i pé pákó kọ́ ló jẹ̀bi. Ní 2000, bọ́ọ̀lù kúrò ní mílímítà 38, ó di 40. Ní 2008, lẹ́yìn Òlíńpíìkì Beijing, wọ́n fòfin de gọ́ọ̀mù olóòórùn líle tí àwọn eléré ń kùn kí wọ́n tó wọ ìdíje, èyí tó ń mú fóòmù wú, tí bááti fi ń dún gbàgà. Ní 2014, bọ́ọ̀lù ike gba ipò bọ́ọ̀lù celluloid. Ẹni tó lo pákó kan ṣoṣo láti 1999 dé 2015 ti di bááti mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú, bí igi rẹ̀ ò tilẹ̀ yí padà rárá.

Àwọn kan á ní igi ń gbó bí ọtí, pé pákó àtijọ́ a máa dùn lọ́wọ́ ju tuntun lọ. Igi ń gbó lóòótọ́. Onímọ̀ ará Japan kan, Kohara Jiro, yẹ igi hinoki inú ilé àtijọ́ wò, irú èyí tó wà ní tẹ́ḿpìlì Hōryū-ji tó ti lé ní 1,300 ọdún. Ó rí i pé igi náà ń lágbára sí i fún nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n gé e, kó tó wá ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Hinoki yìí kan náà ni àwọn ará Japan fi ń ṣe pákó bááti onípele kan. Ọdún mélòó kan tí eléré wa ń ráhùn lé lórí, kí ló jẹ́ lójú igi? Àwọn mìíràn á ní àwọn lẹ rọ́bà tuntun mọ́ pákó àtijọ́ àti pákó tuntun tó jẹ́ irú kan náà, síbẹ̀ wọn ò bá ara wọn mu. Ọ̀rọ̀ tiwọn yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n pákó méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà lè fi gíráàmù mélòó kan ju ara wọn lọ láti ilé iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n rà fi ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tí kò bá gbé méjèèjì wò pọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní tuntun kò lè fi èyí dá ọjọ́ orí lẹ́bi.

N kò sọ pé pákó kì í kú. Ìpele rẹ̀ lè ṣí kúrò lára ara wọn, ó lè sán bó bá fi etí gbá tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ sì lè mì. Ẹ ṣe é bí ẹni ń ra ìkòkò lọ́jà: ẹ ṣí rọ́bà, ẹ bó gọ́ọ̀mù kúrò, ẹ fi ìka méjì di ọwọ́ bááti mú, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù kàn án. Èyí tó pé á dún kọ́ọ́, ohùn kan. Èyí tó ti ṣí nínú á dún pàkà. Ètò wà lórí fóònù tó ń ka iye ìgbà tí ohùn náà ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà yẹn àti ìwọ̀n pákó sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Bó bá lọ sílẹ̀ ní oṣù Keje, tó sì padà ní oṣù Kejìlá, òjò ni. Bí kò bá padà mọ́, ẹ lọ ra òmíràn.