NÍBO NI OMI YÓÒ GBÀ?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ́jú owó láti ra ilẹ̀ tàbí ilé, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ti iye owó: bí òjò bá rọ̀, níbo ni omi yóò gbà?

Àwọn ará Ìbàdàn mọ ìdí tí a fi ń béèrè. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ sì bá a rìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi àti ìdọ̀tí tí a dà sínú odò dá kún un.

Àwa náà jẹ̀bi. Nígbà tí a tún ilé wa ṣe, a gé igi máńgòrò, a sì da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá. Àwọn àlejò yìn wá. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, omi kò dúró lọ́dọ̀ wa rárá. Yàrá ìyá àgbàlagbà kan tí ilé wọn wà nísàlẹ̀ wa ni ó yà sí. A bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi abọ́ gbọ́n omi lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ilé yín mà ti dára o." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju èébú lọ.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí òjò íǹṣì kan bá rọ̀ sórí pílọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, omi rẹ̀ lé ní lítà 11,000, ó ju dúrọ́ọ̀mù 50 lọ. Ilẹ̀ lásán a máa mu nínú rẹ̀. Kọnkéré kì í mu omi.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ilẹ̀, ẹ lọ wò ó nígbà òjò, kì í ṣe nígbà ọyẹ́ nìkan. Ẹ wo àmì omi lára ògiri àdúgbò, ẹ sì bi àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀. Bí owó ilẹ̀ etí odò bá tilẹ̀ kéré, ẹ fi í sílẹ̀ fún odò. Bí ẹ bá ń tún ilé ṣe, ibi tí ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ń gbà nìkan ni kí ẹ da kọnkéré sí. Ẹ gbin ẹ̀fọ́ tàbí koríko sí ìyókù. Ẹ gbé táǹkì sídìí ọ̀ṣọ̀rọ̀. Omi ìfọṣọ ni.

Ilé tí ó ń da omi rẹ̀ lé aládùúgbò lórí kò tíì parí. A ti fọ́ ìdajì kọnkéré wa, a sì gbin igi ọsàn síbẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá mìíràn dá, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni a kọ́kọ́ sáré lọ. Ilẹ̀ yàrá wọn gbẹ.