Aṣọ tó wù wá, aṣọ tó yẹ wá: ohun tó yẹ kí obìnrin rò kí ó tó rán aṣọ òde

Àsìkò ìnáwó tún ti dé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí irè oko sì ti dé ilé, òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó àti ìkómọjáde kì í jẹ́ kí òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ lásán ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́. Bí a ṣe ń gbọ́ ìpè ni a ń gbọ́ iye owó aṣọ ẹbí. Obìnrin tó ń ta gààrí tàbí tòmátì yóò kó owó àjọ rẹ̀, yóò ra yáàdì 6, yóò san owó aránṣọ, yóò wá gèlè kún un. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, yóò wọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, yóò ká a sínú àpótí, kò sì ní yọ ọ́ mọ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, yóò ní: "Kò bá mi lára mu."

Owó tó sùn sínú àpótí ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀gbọ́n wa àti àbúrò wa lóbìnrin sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń mú aṣọ tó bá ara mu, tó sì bá òde tí à ń lọ mu.

Àwa náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ ìròyìn yìí rí yẹ̀rì kan lára ọmọbìnrin kan lórí fóònù, ó sì ní kí aránṣọ rán irú rẹ̀ fún òun. Yẹ̀rì náà fún mọ́ itan títí dé orúnkún. Níwájú dígí, ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ojú títì láti gun zémíjàn lọ sí ilé òkú, ẹsẹ̀ kò là. Ó ní láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí kẹ̀kẹ́ náà, bí ẹni gbé àpò àgbàdo. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ẹ̀yìn yẹ̀rì ti tú. Ìborùn ni ó fi di ìdí títí ilẹ̀ fi ṣú. Kì í ṣe ẹ̀bi aránṣọ: ohun tí a ní kó rán ló rán.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò sì dà bí kó yẹni. Ọ̀rọ̀ pé kó yẹni yìí ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara yín

Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń ra aṣọ ná kí wọ́n tó ronú irú ẹ̀wù tí wọn yóò fi rán. Ó sàn kí a yí i padà. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ wo èjìká, àyà, ikùn àti ìdí. Kì í ṣe láti bú ara yín, bí kò ṣe láti mọ ibi tí ẹ fẹ́ kí ojú ènìyàn kọ́kọ́ bọ́ sí. Ojú ènìyàn máa ń lọ sí ibi tí àwọ̀ ti mọ́lẹ̀, ibi tí iṣẹ́ ọnà wà, àti ibi tí aṣọ ti pín sí méjì. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Obìnrin tí ìdí rẹ̀ tóbi, tí èjìká rẹ̀ kéré, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà wà lókè. Bùbá tó ní iṣẹ́ lọ́rùn tàbí apá tó fẹ̀ díẹ̀ yóò mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ bára dọ́gba. Yẹ̀rì yín, ẹ jẹ́ kó mú ìbàdí, kó sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Èyí tó fún mọ́ni látòkè délẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ rìn, kò sì ní jẹ́ kí ẹ jókòó.

Obìnrin tí àyà rẹ̀ tóbi, ọrùn aṣọ tó gún sísàlẹ̀ bíi lẹ́tà V ni tiyín. Ó máa ń mú kí ọrùn gùn. Ẹ yẹra fún ọrùn tó dé mọ́ ọ̀fun, àti aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ pọ̀ jọ síwájú àyà. Ẹ ní kí aránṣọ ká aṣọ náà wọlé díẹ̀ lábẹ́ ọmú, kí ó má baà fẹ̀ láti àyà bọ́ sílẹ̀ bí àpò.

Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n má ṣe so ìró mọ́ ibi tí ikùn ti ga jù. Ẹ so ó sókè díẹ̀ tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí bùbá bò ó. Kàbá tí ìránṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọmú, tó wá dà wálẹ̀ gbọọrọ, dára fún irú ara yìí. Bùbù náà dára, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé èjìká rẹ̀ bá tiyín mu. Bí èjìká bá ṣubú, gbogbo aṣọ ló ṣubú. Ìyá ọlọ́mú kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọmọ yóò ké lóde: ẹ jẹ́ kí aṣọ ṣí níwájú.

Obìnrin kúkúrú, ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ gé yín sí méjì. Bí ìró bá dúdú, tí bùbá sì funfun báláú, gígùn yín ti dínkù nìyẹn. Àwọ̀ kan náà láti òkè délẹ̀, ìlà tó dúró gbọọrọ, àti bùbá tí kò kọjá ìdí ni ó ń fi kún gígùn ènìyàn. Gèlè tó ga díẹ̀ ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ ju èjìká lọ yóò sọ yín di olú.

Ẹni tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má ṣe rò pé aṣọ kò yẹ òun. Àwòrán ńlá ara aṣọ, ìlà tó dùbúlẹ̀, apá tó kún, àti aṣọ tó le díẹ̀ bíi àǹkárá tàbí aṣọ òkè, gbogbo rẹ̀ ni ó lè gbé. Ìró méjì tí a fi lé ara wọn náà ń fún ìdí ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ ohun tí à ń wí. Ọkùnrin ló wà nínú eégún náà, ṣùgbọ́n ìró àti gèlè tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ni wọ́n fi sọ ọ́ di ìyá onídìí ńlá tó ń jó lójú agbo. Bí aṣọ bá lè fún ọkùnrin ní ìdí, kí ló dé tí kò ní fún obìnrin?

Ẹ yẹ aṣọ náà wò dáadáa

Àwọn oníṣòwò tó ń ka ìwé yìí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àǹkárá ló jẹ́ ọ̀kan náà. Iléeṣẹ́ Vlisco ti wà ní ìlú Helmond nílẹ̀ Nẹ́dálándì láti ọdún 1846. Àwọn ìyá olówó ní Lomé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Nana Benz nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn, ni wọ́n tan aṣọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì yìí ká agbègbè wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó Faransé. Aṣọ tó ń ti Yúróòpù wá di ọ̀wọ́n gógó, àwọn tó ń ti Ṣáínà wá sì ráyè gba ọjà. Lónìí, olówó pọ́ọ́kú àti olówó iyebíye ń bẹ lórí tábìlì kan náà.

Ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àǹkárá gidi, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tiwájú. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ lè fa fọ́nrán òwú kan yọ, kí ẹ fi iná sí i. Bí ó bá jẹ́ òwú, yóò rùn bí ìwé tó ń jóná, yóò sì di eérú. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, yóò yọ́, yóò sì di kókó líle. Aṣọ rọ́bà kì í jẹ́ kí ara mí, ẹ sì mọ bí oòrùn oṣù kẹta ti rí.

Yáàdì 6 jẹ́ ìró mẹ́ta, bíi mítà 5 àti ààbọ̀. Ó máa ń tó ìró, bùbá àti ìborùn fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹni tó sanra dáadáa, kí ó bi aránṣọ kí ó tó rà. Kí wọ́n tó gé e, ẹ rẹ aṣọ òwú sínú omi tútù, kí ẹ sá a síbi òjìji, nítorí ó máa ń súnkì. Ẹ sì wo àwòrán ara rẹ̀: bí ẹyẹ bá wà lára aṣọ, kí orí rẹ̀ wà lókè, kí ojú ẹyẹ náà má sì ṣe bọ́ sórí ọmú tàbí àárín ìdí. Àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ máa ń gbàgbé èyí.

Aṣọ tún máa ń sọ̀rọ̀. Èyí tó ní àgò tí ẹyẹ ń fò jáde nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè é ní Lomé àti Kútọ̀nú túmọ̀ sí "Bí o bá jáde, èmi náà á jáde." Ọ̀rọ̀ aya sí ọkọ oníṣekúṣe ni. Bí ẹ bá ń lọ kí àwọn àna yín fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ nílé.

Òde kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀

Fún ọjà, òwú ni kí ẹ wọ̀, kí apá rẹ̀ má ṣe máa wọ́ sínú epo, kí àyè àpò owó sì wà ní ìdí. Bí ẹ óò bá gun zémíjàn, ìró tàbí yẹ̀rì tó fẹ̀ ni, kí ẹ sì ká etí rẹ̀ mọ́ra kí ó má baà wọ inú táyà.

Níbi òkú, ẹ béèrè irú òkú tó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, aṣọ dúdú tàbí aṣọ tí kò tàn, láìsí ìlẹ̀kẹ̀ ńlá, ni ìbánikẹ́dùn. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀, ayẹyẹ ni. Ijó yóò wà, nítorí náà ẹ wọ aṣọ tí ẹ lè fi jó láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Níbi ìgbéyàwó, ìyàwó ni kí gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Léèsì dára níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tẹ́ aṣọ sí inú rẹ̀ dáadáa kí ara má baà hàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ rántí pé ẹ óò kúnlẹ̀, ẹ óò sì tẹ̀ ba. Aṣọ tó kúrú tàbí tó fún yóò dá yín lágara.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ̀yin olórí ẹbí tó ń mú aṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú èyí tó ju agbára opó àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹ mú aṣọ tí àwòrán rẹ̀ kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù, kí ó lè bá ara sísanra àti ara tẹ́ẹ́rẹ́ mu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ara sísọ sílẹ̀ fún oníkálukú. Aṣọ kan náà ni a pè é, a kò sọ pé ẹ̀wù kan náà. Kí ìyá àgbà rán ìró àti bùbá, kí ọmọ rẹ̀ rán kàbá, kí ọmọ-ọmọ rán yẹ̀rì. Ẹbí kan náà ṣì ni wọ́n.

Lọ́dọ̀ aránṣọ

Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n ọdún tó kọjá rán aṣọ ọdún yìí. Ara máa ń yí padà. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti bàtà tí ẹ óò lò, kí wọ́n fi téèpù wọn àyà, ìbàdí àti ìdí yín lákọ̀tun. Bí ẹ bá mú àwòrán láti orí fóònù wá, ẹ bi aránṣọ pé: "Ṣé èyí yẹ mí?" Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ yóò sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ ní kí ó fi àyè sílẹ̀ nínú ìránṣọ, kí a lè tú u bí ẹ bá sanra sí i. Kí ó tó rán an parí, ẹ wọ̀ ọ́ wò: ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ tẹ̀ ba, ẹ ṣe bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́. Bí ibì kan bá fà, ibẹ̀ ni yóò ya lóde.

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tó wọ́n kọ́ là ń kí, èyí tó yẹni ni. Àǹkárá olówó díẹ̀ tí a rán dáadáa sí ara tó ni ín yóò lọ òde mẹ́wàá. Ọ̀wọ́n gógó tí kò bá ara mu, inú àpótí ni yóò gbó sí. Kí ẹ tó san owó àjọ yín lórí aṣọ tó ń bọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá ẹ óò tún wọ̀ ọ́ nígbà tí òde bá túká. Ẹ kú ìmúra. Ẹ̀mí yóò lò ó.