Ṣé ohun tó wà nínú fáìlì náà ló wà lórí àwo?

Ọ̀rọ̀ síídì la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín: ta ló ṣì ń lo síídì láyé fláàṣì? Ẹ wá sí Adébáyọ̀ níbí kí ẹ wá wò ó. Láti ibí títí dé ọ̀nà Ìwòròkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU ń rìn, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn mìíràn ti gbó débi pé wọn kì í gbà kí èèyàn fi fláàṣì tan wọ́n. DVD ni wọ́n mọ̀.

Àbúrò mi kan ló ní irú ẹ̀. Ó wà ní ọdún àṣekágbá, ó fẹ́ yọ Windows kúrò kó fi Xubuntu 20.04 sí i. Ó dáńlóòdù fáìlì ISO, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n bá a bọ́ọ̀nù ẹ̀ sórí DVD. Kọ̀ǹpútà wọn ní iṣẹ́ ti parí, kò sí wàhálà. Nígbà tó fi àwo náà tan láptọ́ọ̀pù, àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara ẹ̀ wò, nítorí Xubuntu 20.04 máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ń falẹ̀. Àbúrò mi ní iná lè lọ nígbàkigbà, bátìrì òun ò sì dáa, ló bá tẹ Ctrl+C, ó fo àyẹ̀wò náà. Ó gbà kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú háàdì díìsìkì kúrò. Ó dé ìdajì, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, àwo yìí ò kà mọ́ o."

Windows ti lọ, Xubuntu ò wọlé. Pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bá a lọ, àfi orí méjì tó ti fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ ẹ̀ lórí íméèlì.

Ẹ ò ní rí ẹni tó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà sọ pé iṣẹ́ ti parí, ohun tó ń sọ ni pé òun ti kó gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́. Bóyá àwo gbà á dáadáa, ìyẹn ọ̀tọ̀. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, bí wọ́n bá ní kí ọmọ iléèwé bá àwọn kọ lẹ́tà sí Èkó, ọmọ náà ò gbọdọ̀ tíì lẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní, "Kà á kí n gbọ́." Ohun tí a ò ṣe fún DVD yẹn nìyẹn.

Nígbà kan, kò kàn wá. Canonical, iléeṣẹ́ tó ni Ubuntu, máa ń fi síídì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, kárí ayé. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń tẹ̀ wọ́n. Ní oṣù kẹrin 2011 ni wọ́n kéde pé ó parí. Láti ìgbà náà, oníkálùkù ló ń bọ́ọ̀nù tiẹ̀.

Ó yá, báwo la ṣe ń kà á padà? Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fáìlì náà fúnra ẹ̀ pé. Níbi tí ẹ ti dáńlóòdù ẹ̀, ẹ ó rí fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ SHA256SUMS. Òǹtẹ̀ ló wà níbẹ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí wọ́n ṣírò láti inú gbogbo báìtì ISO náà. Bí ẹyọ kan bá yí padà, òǹtẹ̀ náà á yàtọ̀ pátápátá. Lórí Linux, ẹ tẹ:

sha256sum xubuntu.iso

Lórí Windows:

certutil -hashfile xubuntu.iso SHA256

Fáìlì àbúrò mi bá òǹtẹ̀ wọn mu. Ó ku àwo. Ibí yìí ló ti máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á ṣírò òǹtẹ̀ gbogbo DVD, á yàtọ̀ sí ti fáìlì, wọ́n á sọ àwo tó dáa nù. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ tó ń kọ àwo lè fi òfìfo díẹ̀ kún ìparí ẹ̀. Ká ní ISO yín jẹ́ báìtì 734003200. Báìtì 2048 ló wà nínú ìpín kan lórí àwo, nítorí náà ìpín 358400 nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá fi ìpín 150 kún un, báìtì 307200 tí kò sí nínú fáìlì ti wọlé nìyẹn, òǹtẹ̀ ò lè bára mu láé. Ẹ ka iye báìtì tó wà nínú fáìlì nìkan, kí ẹ dúró:

stat -c %s xubuntu.iso

head -c 734003200 /dev/sr0 | sha256sum

Nọ́ńbà tí ìlà àkọ́kọ́ bá fún yín ni kí ẹ fi rọ́pò tèmi nínú ìkejì. /dev/sr0 ni àyè tí àwo wà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwo náà jáde kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣe é, kó má baà jẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ṣì rántí ló máa kà fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows, ẹ máàkì "Verify disc after burning" kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn onísọ́ọ̀bù kì í sábà máàkì ẹ̀, torí ó ń gba àkókò, oníbàárà sì ń dúró. Ẹ ní kí wọ́n máàkì ẹ̀.

Ọ̀kan ò gba ipò èkejì o. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 2016, àwọn kan wọ ojú ìkànnì Linux Mint, wọ́n yí líǹkì padà kí àwọn èèyàn lè máa dáńlóòdù ISO tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí. Ẹni tó bọ́ọ̀nù ìyẹn, àwo ẹ̀ á bá fáìlì ẹ̀ mu régérégé. Ẹni tó sì lè yí fáìlì padà lè yí òǹtẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí Ubuntu fi ń fi SHA256SUMS.gpg, ìbuwọ́lù, sí i. A ó ya ètò kan sọ́tọ̀ fún ìyẹn.

DVD àbúrò mi ò tiẹ̀ kà dé òpin lórí ẹ̀rọ mi. "Input/output error" ló gbé jáde. A ra òmíràn, a bọ́ọ̀nù ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní 4x dípò 16x, òǹtẹ̀ méjèèjì bára mu. Xubuntu ti wọlé báyìí. Orí mẹ́ta tó sọnù, ó ń tún wọn tẹ̀ lọ́wọ́.