Owó Lárúbáwá, Gbèsè Àgbẹ̀ Akínyẹlé

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1973, àwọn olórí ilẹ̀ Lárúbáwá pàdé ní Algiers, wọ́n fẹnu kò láti dá bánki kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ogun wọn pẹ̀lú Ísírẹ́lì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ nígbà náà ni. Ọ̀pọ̀ ìjọba Áfíríkà ti tìtorí rẹ̀ bá Ísírẹ́lì já, bẹ́ẹ̀ epo tó wọ́n gógó sì ń ni àwọn tí kò ní epo nílẹ̀ lára. Bánki náà, BADEA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Khartoum ní 1975. Lọ́dún kan náà ni Bánki Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù, IsDB, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Jeddah. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005. Kò sí ẹ̀ka wọn kankan tí àgbẹ̀ Mọ́níyà tàbí Lálùpọn lẹ́bàá Ìbàdàn lè wọ̀ lọ yáwó. Ìjọba ni wọ́n sábà máa ń yá lówó, ìdí nìyí tí àwọn ará oko fi ń rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn.

Ó kàn wọ́n gan-an. Ètò ọgbà ìsọ-irè-oko-dọjà, SAPZ, tí wọ́n ṣí ní 2022, kó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ́ ìpele àkọ́kọ́. Bánki Ìdàgbàsókè Áfíríkà fi mílíọ̀nù 210 dọ́là sí i. IsDB àti IFAD, àjọ àgbáyé fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, pawọ́ pọ̀ fi mílíọ̀nù 310 dọ́là sí i. Bí ìpínlẹ̀ bá jẹ irú gbèsè báyìí, Àbújá ló ń dúró fún un, a sì máa ń yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ìpín oṣooṣù tó tọ́ sí ìpínlẹ̀ náà kí ìpín náà tó dé Ìbàdàn. Ará ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ló ni ìpín yẹn, nítorí náà àwọn gan-an ni onídùúró. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní òṣùwọ̀n ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí. Gbèsè kan náà ti di ìlọ́po mẹ́ta lọ́rùn ẹni tó ń fi náírà san án.

Àwọn kan ní ẹ̀sìn ni owó wọ̀nyí ń tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò dá BADEA sílẹ̀ láti máa yá ilẹ̀ Lárúbáwá lówó. Ilẹ̀ Áfíríkà tí kì í ṣe ti Lárúbáwá ló wà fún, Mùsùlùmí ni wọ́n o, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n o. IsDB náà ló yáni lówó fún iṣẹ́ omi Iléṣà, omi kò sì béèrè ẹ̀sìn ẹni tó ń pọn ọ́n. Òótọ́ ni pé IsDB kì í gba èlé, àmọ́ èrè wà lórí ohun tó bá rà fúnni, a ó sì san án. Àwọn mìíràn ní ká má yáwó rárá. Mo gbọ́ ìbẹ̀rù wọn, ó sì nídìí. Ṣùgbọ́n bánki àgbà ilẹ̀ wa gbé òṣùwọ̀n èlé dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2024. Àgbẹ̀ wo ni yóò yáwó ní irú èlé bẹ́ẹ̀ láti la ọ̀nà oko? Ọ̀nà náà sì ṣe kókó: ẹ̀gẹ́ tí a wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ọkọ̀ kò bá lè wọ abúlé lásìkò òjò, ilé ẹ̀rọ tó dára jù lọ nínú ọgbà SAPZ kò ní rí ẹ̀gẹ́ lọ̀. Tèmi ni pé ká yá a, ṣùgbọ́n kí ọ̀nà ṣáájú ilé ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bi aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé: ọ̀nà oko wo ló wà nínú ìwé àdéhùn gbèsè SAPZ, ọdún mélòó la ó sì fi san án? Ẹ béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí gbèsè tó kàn.